Ojú Tí Ọlọ́hun Fún Wa: Ìwòsàn Ni Tàbí Oge?

Kútúbà Jímọ̀h, Òkè-Oyi, Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara

Kútúbà Àkọ́kọ́

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn tí Ó sì ṣe é ní àwòrán tí ó dára. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànwọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāh nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn lójú ọ̀nà rere títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú ohun tí ó hàn àti nínú ohun tí ó pamọ́. Ara tí a gbé wọ̀ yìí, àmánà ni. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè bí a ti lò ó.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ẹnu ìyá kan nínú ìjọ wa ni ó ti wá. Ó yọ̀ǹda fún wa kí á sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, ìpéǹpéjú òkè rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ débi pé ó ń bo ẹyinjú. Bí ó bá fẹ́ ka Àlùkùránì, ìka ọwọ́ òsì ni ó fi máa ń gbé ìpéǹpéjú sókè, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ṣí ìwé. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé awọ tí ó pọ̀ jù kúrò, ojú sì là. A bá a dúpẹ́ nígbà náà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wo dígí, ó rí i pé irun òkè ojú òun ti wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iwájú orí òun sì dà bí èyí tí ó wúwo. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà lókè òkun ní kí ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kejì, èyí tí wọ́n fi ń fa awọ iwájú orí àti irun òkè ojú sókè. Wọ́n ní àwọn ni yóò san owó rẹ̀. Àwọn kan ládùúgbò ní èyí ti di yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà, wọ́n tilẹ̀ ní ti àkọ́kọ́ pàápàá kò yẹ kí ó ti ṣe é. Ọkàn ìyá dàrú. Ó wá bá wa, ó ní, "Ẹ̀yin Lìmámù, èwo ni kí n ṣe?"

A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè rẹ̀ pín sí méjì: ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan dáhùn èkejì yóò ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀sìn. Ọlọ́hun fi yé wa nínú Súrà Tīn pé ìdúró tí ó dára jù lọ ni Òun dá ènìyàn sí. Nínú Súrà Nisā', áyà 119, Ó sọ fún wa pé Ṣàítánì búra pé òun yóò máa pàṣẹ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n máa yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ìkìlọ̀ ńlá ni èyí. Nínú hádíìsì tí Abdullāhi ọmọ Mas'ūd gbà wá, tí Bukhārī àti Muslim kọ sílẹ̀, ègún wà lórí àwọn obìnrin tí ń fín ara, àwọn tí ń fa irun ojú tu, àti àwọn tí ń la àlàfo sí àárín eyín nítorí ẹwà.

Ẹ̀yin ará wa, àwa Yorùbá mọ ohun tí hádíìsì yìí ń sọ. Àwa náà fẹ́ràn èjí. Ẹni tí Ọlọ́hun fi èjí dá, ẹ̀bùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n fi irin la eyín wọn kí wọ́n lè ní ohun tí a kò fún wọn. Àwọn mìíràn ń fá irun òkè ojú tán, wọ́n á wá fi pẹ́ńsù kọ òmíràn sí i. Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà dé.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí gbólóhùn tí ó parí rẹ̀: nítorí ẹwà. Ìmáàmù Nawawī, nígbà tí ó ń ṣàlàyé ìwé Muslim, fi hàn pé gbólóhùn yìí ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a bá ṣe nítorí oge nìkan ni èèwọ̀ bá. Ohun tí a bá ṣe láti wo àìsàn, tàbí láti tún àbùkù ara ṣe, kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Sàábé kan wà tí ń jẹ́ Arfajah ọmọ As'ad. Wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun Kulāb nígbà àìmọ̀kan, kí ó tó gba ẹ̀sìn. Ó fi fàdákà ṣe imú, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí ó fi wúrà ṣe é. Abū Dāwūd àti Tirmidhī gba hádíìsì yìí wá. Ẹ rò ó wò: wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin, síbẹ̀ Ànábì gbà á láàyè, nítorí pé àbùkù ni ó fẹ́ bò, kì í ṣe yangàn ni ó fẹ́ fi ṣe.

Láyé òde òní, Àjọ Àgbáyé Àwọn Onímọ̀ Fíkìhì, tí ó wà lábẹ́ àjọ OIC, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Putrajaya, ní orílẹ̀-èdè Malaysia, ní oṣù keje ọdún 2007. Ìpinnu wọn, èyí tí ó jẹ́ ìkẹtàléláàádọ́sàn-án (173), ni pé iṣẹ́ abẹ tí ó ń dá ẹ̀yà ara padà sí ipò tàbí sí iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó ń tún àbùkù ṣe, ó tọ́. Èyí tí kò ní ìdí ìwòsàn nínú, tí a kàn fi ń tẹ̀lé ìfẹ́-inú láti yí ojú padà, kò tọ́.

Nítorí náà, a sọ ọ́ gbangba: iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí ìyá wa ṣe kò ní àbùkù kankan nínú ẹ̀sìn. Ojú tí kò lè ríran láìfi ọwọ́ gbé ìpéǹpéjú, àìsàn ni, Ànábì sì pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nínú hádíìsì kan náà tí ó ti pàṣẹ ìwòsàn, èyí tí Usāmah ọmọ Sharīk gbà wá, ó yọ ohun kan sọ́tọ̀ tí kò ní oògùn: ogbó. Ibi tí ìṣòro iṣẹ́ abẹ kejì wà nìyí. Ṣé àìsàn ni irun òkè ojú tí ó wálẹ̀ yìí, àbí ogbó ni?

Ẹnu oníṣègùn ni ìdáhùn èyí wà. Ohun tí wọ́n fi yé wa ni pé nígbà tí ìpéǹpéjú bá ń wálẹ̀, iṣan iwájú orí máa ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru láti fa irun òkè ojú sókè kí ènìyàn lè ríran. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá ti gbé ìpéǹpéjú kúrò lójú, iṣan náà yóò sinmi, irun òkè ojú yóò sì padà sí ibi tí ọjọ́ orí ti fẹ́ gbé e sí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ba ojú jẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó ń dí ojú, dókítà yóò fi ọwọ́ tàbí pílásítà gbé irun òkè ojú náà sókè, yóò sì wọn bí ìríran ti fẹ̀ tó kí ó tó gbé e àti lẹ́yìn tí ó gbé e. Bí ìríran bá fẹ̀ sí i gidigidi, ìwòsàn ni. Bí kò bá yí padà, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ewu kan tún wà tí àwọn ọmọ ìyá wa kò mọ̀. Wọ́n ti gé awọ ìpéǹpéjú lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tún fa iwájú orí sókè ju bí ó ti yẹ lọ, awọ tí ó kù lè má tó láti pa ojú dé. Ojú tí kò bá lè padé yóò gbẹ, yóò di egbò, ó sì lè fọ́. Yàtọ̀ sí èyí, iwájú orí lè kú tipiri, irun lè re níbi ojú abẹ, ojú kan lè ga ju èkejì lọ, àpá sì lè wú ju ojú ọgbẹ́ lọ, bí ó ti máa ń ṣe lára ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń ní kí á dúró fún oṣù díẹ̀, kí wíwú ojú abẹ àkọ́kọ́ lọ tán, kí á tó sọ̀rọ̀ èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo abẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, aya Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, Stella Obasanjo, kú ní orílẹ̀-èdè Spain lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ ọ̀rá kúrò lára. A kò sọ ọ́ láti dá òkú lẹ́bi; Ọlọ́hun ni Onídàájọ́. A sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé owó àti ipò kì í dènà ewu. Ọlọ́hun sì ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrà Baqarah, áyà 195, pé kí á má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́: kí ni èrò ọkàn mi? Ṣé kí n lè ríran ni, àbí kí àwọn ènìyàn lè rò pé mo kéré sí ọjọ́ orí mi? Èkejì: kí ni dókítà tí ó mọ iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ olóòótọ́, sọ nípa àǹfààní àti ewu rẹ̀? Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin kò jìnnà sí wa, Òkè-Ose níhìn-ín ni ó wà. Ẹ má ṣe gbé ojú yín fún ẹni tí a kò mọ ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kẹta: níbo ni owó rẹ̀ ti ń bọ̀? Ẹni tí ó yá owó èlé láti fi tún ojú ṣe ti fi èèwọ̀ ra ohun tí kò pọn dandan.

Ìyá wa padà lọ bá dókítà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbéèrè yìí. Wọ́n fi pílásítà gbé irun òkè ojú rẹ̀ sókè, wọ́n wọn ìríran rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Dókítà tún fi hàn án pé ìpéǹpéjú rẹ̀ kàn ń padé tán ni, kò ní àfikún. Ìyá wá sọ fún wa pé, "Mo ti ń ka Àlùkùránì láìfi ìka gbé ojú. Èyí tí ó kù, ọjọ́ orí mi ni. Ó tó mi." Ó ní òun yóò fi yé àwọn ọmọ òun.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìdáhùn ìyá wa di òfin fún ẹlòmíràn. Ẹni tí iwájú orí rẹ̀ ń dí ojú lóòótọ́, ẹni tí iṣan ojú rẹ̀ kú, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí iná ba ojú rẹ̀ jẹ́, kí ó lọ gba ìwòsàn láìtijú. Kí á fi sùúrù mọ́ ìmọ̀.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún wa àti fún ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

Kútúbà Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ìyá yìí wá bá wa, kì í ṣe ojú rẹ̀ ni ó ń dùn ún jù. Ẹnu àwọn ènìyàn ni. Àwọn kan pè é ní àgbà tí ń ṣe oge. Àwọn tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ kò rí i nígbà tí ó ń fi ìka gbé ìpéǹpéjú ka áyà fún àwọn ọmọ wọn. Súrà Hujurāt kọ̀ fún wa láti fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wé ẹni tí ń jẹ ẹran ara arákùnrin rẹ̀ tí ó ti kú. Ẹni tí ó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ó sì tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní òbí àgbà, owó yín dára, ìfẹ́ yín sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi òbí yín léèrè ohun tí ó fẹ́ kí ẹ tó fi owó rán an lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Kí ẹnì kan sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ìrun kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀sìn sì rọrùn fún un. Bí omi kò bá gbọdọ̀ kan ojú abẹ, yóò fọ ibi tí ó le fọ̀, yóò fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì. Bí èyí pàápàá bá léwu, ó lè ṣe táyámámù. Bí dókítà bá ní kí ó má tẹ orí ba, yóò jókòó kírun, yóò sì fi orí ṣe àmì rúkúù àti ìforíkanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìmọ̀ràn dókítà àti ti onímọ̀ ẹ̀sìn, kí ẹni náà kí ìrun ìsítíkáárà, rákà méjì, bí Ànábì ti kọ́ àwọn sàábé rẹ̀, kí ó wá fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Ọlọ́hun Ọba wa, wo àwọn aláìsàn wa sàn. La ojú àwọn tí ojú ń dùn. Jẹ́ kí ojú wa máa wo ohun tí O yọ́nú sí, kí ó sì padé sí ohun tí O kọ̀. Fi ẹ̀kọ́ rere ṣe ẹwà wa, fi ìtẹ́lọ́rùn sí ọkàn àwọn àgbà wa, kí O sì fún àwọn dókítà wa ní ìmọ̀ àti òtítọ́. Forí jin àwọn òbí wa tí wọ́n ti lọ. Fi àlàáfíà sí Òkè-Oyi, sí Ìlọrin, sí Kwara àti sí Nàìjíríà lápapọ̀. Āmīn.

Ẹ dìde, kí á gbé ìrun dúró.