Ọmọ Sùúrù Lókè Afienya

Bí oòrùn bá mú ganrínganrín ní Ọgbà, l'Ékòó, tí páànù ọjà àti ti ilé iṣẹ́ gbóná, àwòdì kì í ju apá mọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti orí páànù gòkè ló ń gbé e, á máa yí po títí á fi kéré lójú. Bí bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì ṣe ń fò náà nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ààrẹ Kwame Nkrumah dá ilé ẹ̀kọ́ irú fífò yìí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Ghana ní Afienya, lẹ́bàá Tema. Ó gbà pé eré òfurufú yóò kọ́ ọmọ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ìgboyà àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìbéèrè ibẹ̀ ju ti Ghana lọ: ṣé iṣẹ́ ọwọ́ lè kọ́ ènìyàn ní ìwà?

Kò sẹ́ni tó ń dá irú bàálù yìí gbé sókè. Ẹnìkan á di etí ìyẹ́ rẹ̀ mú kó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bá a sáré. Ẹlòmíràn á wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fa wáyà láti òkèèrè. Ẹni tó balẹ̀ tán á bá wọn tì í padà fún ẹni tó kàn. Lókè, kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè gba aláìnísùúrù sílẹ̀. Ifá sì pe Ìwà ní ọmọ Sùúrù, nítorí náà Nkrumah rí nǹkan kan.

Àwọn kan á ní eré olówó ni. Àwọn ọmọ Ọgbà ń gbọ́ ariwo bàálù Ìkẹjà lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tíì fọwọ́ kan ìyẹ́ rẹ̀ rí. Àmọ́ ìdùnnú fífò tọ́ sí àwọn náà.

Ṣùgbọ́n ta ni olùkọ́ ní Afienya? Hanna Reitsch ni, obìnrin Jámánì tí wọ́n bí ní 1912, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bàálù yìí í wà jù láyé. Ní 1959 ó gbé Nehru, olórí ìjọba Íńdíà, fò ní Delhi. Obìnrin yìí kan náà ló ti dán bàálù ogun wò fún Hitler, tó gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, tó sì tún bá ọ̀gágun kan fò wọ Berlin lọ bá a ní oṣù Kẹrin 1945, nígbà tí ìlú ń jó. Sùúrù òfurufú kún ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò mú un kẹ̀yìn sí ìjọba tó pa Júù bíi mílíọ̀nù 6.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi bàálù yìí ṣeré ní Jámánì náà kò bọ́. Ní 1937 ìjọba Hitler kó wọn sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, eré wá di ìgbaradì ogun. Ìyẹ́ kan náà ni, wáyà kan náà.

Nínú ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ṣàlàyé, Ọ̀rúnmìlà tó gbọ́n ju gbogbo òrìṣà lọ ló fẹ́ Ìwà, tó tún lé e lọ, tó wá ń wá a kiri. Ọgbọ́n rẹ̀ kò dín, Ìwà ni kò sí nílé. Èyí fara jọ ọ̀rọ̀ Reitsch ju gbogbo àlàyé mìíràn lọ. Fífò lè sọ ọwọ́ di ọ̀jáfáfá, ó lè lé ojo lọ. Àmọ́ kò lè bi awakọ̀ òfurufú pé ta lo ń fò fún.

Ní Ghana, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Young Pioneers ti ń kọ́ ọmọdé láti fi ara jin Nkrumah, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó béèrè. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1966, wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká, wọ́n sì lé Reitsch kúrò nílùú. Ó dunni, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà gòkè kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.