Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọwọ́?

Ìbéèrè kan ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn William Simpson. Ọmọ tálákà ni, tí a bí ní Glasgow, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ní 1823. Ó kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán sára òkúta fún àwọn atẹ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a fi omi pò ni ọwọ́ rẹ̀ dá jùlọ. Àwòrán ogun Kìrìmíà tí ó yà ní 1854 àti 1855 sọ ọ́ di olókìkí nígbà ayé rẹ̀. Lónìí àwọn díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n.

Ní 1859, Day & Son, ilé-ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rán an lọ sí Íńdíà. Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tí ó padà, ó tún fi bí ọdún mẹ́rin sọ ohun tí ó yà lójú ọ̀nà di 250 àwòrán pípé, tí a ó fi ṣe ìwé ńlá kan. Ó kó wọn lé wọn lọ́wọ́. Àṣé gbèsè ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn! Àwòrán 50 péré ni ó jáde nínú ìwé ní 1867. Ní 1869 wọ́n ta iṣẹ́ ọdún méje bí a ti ń ta ẹrù onígbèsè.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó náà ní aya àti ọmọ. Mo gbà, ẹni tí ó sì ra àwòrán kì í ṣe olè. (Ohun tí ó ń bí mi nínú gan-an nìyí: n kò rí ẹni tí n ó bá wí.) Ẹlòmíràn yóò ní ayọ̀ iṣẹ́ tó owó iṣẹ́. Irọ́ ni! Ẹni tí ó ti yó ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Onílé kì í gba ayọ̀ dípò owó ilé.

Lójú tèmi, òfin mọ bí a ti ń pín owó láàárín àwọn tí a jẹ ní gbèsè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni 250 àwòrán wọ̀nyí jẹ́. A kì í gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó sì tún dún.

Láti 1866 ni Simpson ti ń yàwòrán fún ìwé ìròyìn Illustrated London News. Ó dé Abisíníà, Ṣáínà àti Afghanistan, kí ó tó kú ní 1899. Ní ti àwòrán Íńdíà, àwọn kan wà ní Victoria and Albert Museum, àwọn mìíràn ní British Library. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a rin ìrìn-àjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò máa ti ilé dé ilé.