Ilé Tí A Fi Ẹnu Mọ

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní sáìtì rí, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà Ọba Akran n'Íkẹjà, ní Agídíngbì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin l'Ágége, á mọ gbólóhùn kan tó máa ń jáde lẹ́nu oníbàárà lọ́jọ́ Sátidé: "Ẹ kàn bá wa sún un díẹ̀." Ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ní ká sún. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á ní ògiri kúrú, ẹ gbé e sókè sí i. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n á ní ó yẹ kí ọ́fíìsì kékeré kan wà lókè. Kọ́ńtírátọ̀ á ní, "Kò sí wàhálà, sà." Fóòmànù á ní ó ti yé òun. Bíríkìlà á po síméńtì. Ìgbà tó bá wá di ọjọ́ owó, oníbàárà á la ojú sílẹ̀: "Ta ló ní kí ẹ ṣe ìyẹn?"

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Láti kékeré la ti ń gbọ́ òwe yìí, tí a sì rò pé ẹni tó fẹ́ kọ́lé láìlówó ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n níbo ni itọ́ ti ń wá gan-an? Ṣebí ẹnu náà ni.

Irú àyípadà yìí làwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ ń pè ní variation níbí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní change order. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe àṣà tuntun. Láti 1957 ni FIDIC, àjọ àwọn ẹnjiníà lágbàáyé, ti tẹ ìwé àdéhùn wọn àkọ́kọ́ jáde, kí kálukú lè mọ ẹni tó lè pàṣẹ àyípadà àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ó ti wọ inú fóònù. Nínú ohun èlò bíi Procore, ẹni tó fẹ́ àyípadà á kọ ohun tó fẹ́, ibi tó fẹ́ ẹ sí àti ìdí rẹ̀. Kọ́ńtírátọ̀ á fi iye owó àti iye ọjọ́ tó máa mú wá sí i, á so fọ́tò mọ́ ọn. Á lọ bá ẹnjiníà, á lọ bá oníbàárà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ àti àkókò tó fọwọ́ sí i á wà níbẹ̀. Plánì tuntun á rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ náà ò sì ní sọ nù.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń jẹ wá lọ́kàn rèé: ṣé ẹni tó ní ká kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ò fọkàn tán wa ni?

Ẹ má fi ìbéèrè yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ tiwa kì í sábàá ti ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa lè jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ará mọ́ṣáláṣí wa, tàbí ẹ̀gbọ́n àna wa. Kí ọmọ ọdún 23 wá na bírò sí irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé kó fọwọ́ síwèé kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú, ojú ń tini. "Ṣé olè lo wá pè mí ni?" Ọ̀pọ̀ nínú wa ti pàdánù owó nítorí pé a ò fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Àmọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ìgbà wo làwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀ fún ẹnu nìkan? Ẹni tó fẹ́ yá owó ní onígbọ̀wọ́. Ẹni tó gba ilẹ̀ gbin pèrègún sí ààlà, kí tọmọdé tàgbà lè rí i. Títí dòní, ìyá tó ń tajà l'Ágége ń dájọ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Alájọ á fàmì sí i lójoojúmọ́, ìyá á sì mú káàdì rẹ̀ relé. Kò sẹ́ni tó ní ìyá yẹn ń pe alájọ lólè. Àmì yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí wọ́n bára wọn jà.

Ìdí ni pé olè nìkan kọ́ ló ń da àdéhùn. Ìgbàgbé náà ń dà á. Èèyàn méjì tí kò mọ irọ́ pa lè jọ dúró nídìí ògiri kan lóṣù Kẹta, kó tó di oṣù Kẹfà, kí oníkálùkù máa fi gbogbo ọkàn búra pé ohun tí òun rántí ló ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí a pè síbẹ̀, olóòótọ́ méjèèjì ló pè é fún.

Níbi yìí ni fóònù ti wúlò fún àwa ọ̀dọ́ ju bí a ṣe rò lọ. "Kì í ṣe èmi o, sà. Ohun tí mo ń lò yìí ni kò jẹ́ kí n kọjá àyàfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́." Àgbà á rẹ́rìn-ín, á tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó wọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù ta ni? Bíríkìlà tí wọ́n ń sanwó fún lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ nìkan ló mọ password, ẹlẹ́rìí tó ń gbé nínú ilé ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, a mọ ẹni tó máa gbè.

Owó nìkan kọ́ ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní November 1, 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ò dọ́gba mọ́: ọ̀gá àgbà LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó, ní àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, igbákejì gómìnà ní 21 ni. Òkú ṣì wà lábẹ́ àwókù, a ṣì ń jiyàn lórí ohun tó wà nínú ìwé.

Lẹ́tà kan tún jáde. Láti February 2020 ni ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ̀wé pé àwọn yọwọ́, pé ibi tí àwọn mójú tó títí dé àjà kẹrin nìkan làwọn lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ẹ kíyè sí i: ìwé wà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ò dúró.

Nítorí náà, a ò lè sọ pé kíkọ sílẹ̀ nìkan ti tó. Àkọsílẹ̀ tí kò lè dá iṣẹ́ dúró, ẹ̀yìn ìsìnkú la ti máa kà á. Àjà kan tí a fi lé ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ láàárín oníbàárà àti kọ́ńtírátọ̀ nìkan. Lébìrà tó ń sùn ní ìsàlẹ̀ wà ńbẹ̀, ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà wà ńbẹ̀. Aláùsá ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni tó po kọnkéré, kì í ṣe lẹ́yìn tí eruku bá sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ app. Ẹ ṣe èyí tí bíríkìlà lè fi ohùn bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, tí ẹ̀dà máa wọ inú fóònù tirẹ̀ náà, tí kò sì ní jẹ́ kí àjà tuntun wọlé láìsí ìwé àṣẹ. Kó tó dìgbà yẹn, WhatsApp ṣì wà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ní "ẹ kàn sún un díẹ̀," ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì ní: "A ti gbọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa ká tó po síméńtì."