Ìtẹ̀dó àti Ẹ̀tọ́ Ẹni tí a Bá Nílẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rò jinlẹ̀ nígbà tí a bá ń ka ìtàn ìlú wa: ǹjẹ́ ìyà tí ó lé ènìyàn kúrò ní ilé baba rẹ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn? Àwọn àgbà ní kò sí ibi tí a kì í dáná alẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dáná níbi tí a ti ń dáná tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ni ààrò.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn Abẹ́òkúta yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ibẹ̀ kì í ṣe igbó tí kò lólúwa. Oko Adágbà, ará Ìtòkò, ni wọ́n ń pè é. Ní 1834, àwọn Òwu, tí ogun ti kọ́kọ́ tú ìlú tiwọn ká, dé bá wọn níbẹ̀. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n. Òwu kò sọ orúkọ rẹ̀ nù: Alákè Òkúkẹnù gorí oyè ní 1854, nígbà tí ó sì di 1855, Òwu ti fi Olówu tiwọn jẹ. Ní Ìbògùn, ní agbègbè Ifọ̀, níbi tí Ìbògùn-Ọláògùn tí a ti bí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà, a rí i pé àwọn àlejò ọjọ́ náà ti di onílé tí ń dá oko, tí ń tẹ abúlé dó.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ìdáhùn ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n ní 1842, ọdún méjìlá péré lẹ́yìn ìtẹ̀dó, àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà, wọ́n sì dó ti Adó-Odò títí di 1853. Ọ̀nà òkun, níbi tí ọjà àti ìbọn ti ń wá, ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ìdí, nítorí ọ̀tá yí wọn ká. Síbẹ̀, ará Ọ̀tà kọ́ ni ó fọ́ ìlú wọn. Ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ̀gbá kò nílò ìgúnwò, nítorí ojú ọgbẹ́ wọn kò tíì jinná.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 1710, Christoph von Graffenried, ará Switzerland, kó àwọn ará ìlú rẹ̀ àti àwọn ará Jámánì tí ìṣẹ́ lé jáde lọ sí North Carolina ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ New Bern dó, wọ́n fi orúkọ Bern sọ ọ́. Àwọn Tuscarora, tí àwọn òyìnbó ti ń gba ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń kó ọmọ wọn lẹ́rú, gbé ogun dìde ní 1711.

Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá tọ pinpin ilẹ̀ dé gbòǹgbò, kò sí ẹni tí kò bá ẹlòmíràn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí gbogbo ènìyàn padà síbi tí ó ti wá ni mo ń wí. Ìnira fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti tọrọ. Kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti fi ipá gbà. Ẹni tí a sì ti gbà lálejò rí jẹ gbèsè tí kò lè san fún ẹni tí ó gbà á. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò san án fún.

Gbèsè yìí wà nílẹ̀ títí di òní. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Èkó ń tẹ̀dó sí Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀. Ọmọ onílẹ̀ tí ó bá ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, kí ó rántí pé ẹnìkan gba baba ńlá tirẹ̀ náà rí.