Ta Ló Jẹ Íntánẹ́ẹ̀tì Wa?

Lọ́dún tó kọjá, àwa méjì tí a jọ ń gbé ní Mowe ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ. A ò nà án, a ò bú u. Password Wi-Fi la kàn yí padà.

Flat mẹ́rin ló wà nínú ilé náà. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni tiwa, ilé la sì ti ń ṣe é, torí ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ní fẹ́ máa wọ Èkó lójoojúmọ́. Nítorí pé àwa la mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ wa ni router gbogbo ilé wà. Wọ́n ń dáwó, àwa là ń ra dáàtà, àwa là ń pín password. Nígbà tó yá, bí aago méje alẹ́ bá ti lù báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Bí a bá wà lórí ìpè fídíò, ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ á kàn gan síbẹ̀.

Kíá la ti mọ ọ̀daràn. Ọmọ yunifásítì kan ń gbé ní flat kẹta, ó fẹ́ràn fíìmù. Ta tún ni ìbá jẹ́? A yí password padà, a fún gbogbo ilé, a yọ òun sílẹ̀. Ó wá kanlẹ̀kùn: "Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la." A ní kó lọ ra dáàtà tiẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, sà." Ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje lù. Íntánẹ́ẹ̀tì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Àwa ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ká tó dá a. Ohun tó ń tini lójú níbẹ̀ ni pé wíwá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an niṣẹ́ wa. Bí ẹ̀rọ bá dákú, a kì í fi ìfura tún un ṣe. Kí ló wá dé tí a fi ń ṣe òdodo fún ẹ̀rọ ju bí a ṣe ń ṣe é fún ènìyàn lọ?

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la tó ṣe ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ ṣe. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ping. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mike Muuss, ló kọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Bí ẹni dé ẹnu ọ̀nà ló rí: ẹ ní "Àgò o", ẹ dúró gbọ́ "Àgò yà". A kágò sí router, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Inú ilé kọ́ nìyẹn. A kágò sí 8.8.8.8, ẹ̀rọ Google tó wà níta. Ìdáhùn pẹ́ kó tó dé, òmíràn ò dé rárá. Ẹnubodè ló há nìyẹn. A wá ṣí ojú ewé router níbi tó ti ń to orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti ẹrù tó ń gbé.

Kọ̀ǹpútà tiwa ló wà lókè pátápátá.

Àwa fúnra wa la ti kọ ọ́ fún un pé ní aago méje alẹ́, kó máa kó ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kọ ọ́ tán, a gbàgbé. Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà jáde nínú íntánẹ́ẹ̀tì ilé sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó ń gbà wọlé lọ. Bí a bá ti dí i, ẹni tó kàn fẹ́ béèrè ojú ewé kan ṣoṣo á tò sẹ́yìn ẹrù wa, bíi kòròpé tó há sẹ́yìn tírélà ní Long Bridge.

Ọ̀rọ̀ náà mú wa rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Lọ́jọ́ náà ní Ibafo, a rí oníbàárà kan tó ń pe oníPOS ní olè torí owó kò wọlé. OníPOS kọjú sí ọmọ tó ń bá a tajà, ó ní òun ló fọwọ́ ba ẹ̀rọ jẹ́. Ọmọ náà ò rí ẹni tí yóò kọjú sí. Ìsàlẹ̀ òkun ni nǹkan ti bàjẹ́, orí ẹni tó kéré jù lẹ́bi já lé.

Bí ẹ̀bi ṣe ń rìn nìyẹn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ òótọ́: ó ń wálẹ̀. Ọmọ flat kẹta ló kéré jù nínú ilé wa. Ẹ̀rí tí a ní lórí rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ifo, tí a ń lọ sí kaféè láti bráwùsì mọ́jú, Windows XP, tó jáde ní 2001, ló wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, òkè koríko tútù lójú rẹ̀. Kì í ṣe áńgẹ́lì. Fáírọ́ọ̀sì ń wọ̀ ọ́ bí ìyá ajé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wá ra modem tiwa, bí kò bá lè wọlé, ó máa ń fún wa ní nọ́ńbà. 691: orúkọ tàbí password tí ẹ kọ ò pé, ọwọ́ yín ló wà. 678: ẹni tí ẹ pè ò dáhùn. Èyí já sí pé kí o tó bá ènìyàn jà, ẹ̀rọ ti jẹ́rìí.

Microsoft dẹ́kun àbójútó XP ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Lónìí, "Something went wrong" lọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń sọ. Àwa náà ti kọ ọ́ sínú áàpù tí a ṣe. A ní àánú ló mú wa ṣe é, pé kí ìyá wa ní Ifo ṣe fẹ́ mọ ìtumọ̀ 678? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà lásán ò ran ìyá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a lè fi èdè tó yé e sọ fún un pé, "Ìyá, ọ̀dọ̀ wa ni wàhálà wà, kì í ṣe ọwọ́ yín." Bí a bá kọ̀ tí a ò sọ ọ́, a ti fi àṣìṣe wa sílẹ̀ kó máa wá orí ẹni tí yóò já lé.

A lọ bá ọmọ flat kẹta. A ní, "Àbúrò, má bínú, àwa ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Mo tiẹ̀ rò pé èmi ni lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣáà mọ̀ ọ́n."

Gbólóhùn yẹn ò jẹ́ ká sùn bọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a fi password tuntun ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, a kó gbogbo ilé jọ, a fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ewé router hàn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń jẹ íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bó bá jẹ́ àwa.