Kí Ni A Ṣe Lójú Àlá Náà?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde bí àwa obìnrin bá jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Bí ẹnì kan bá ti ní, "Mo lá àlá kan lánàá," gbogbo ojú ni yóò yí sí i. Kí ó tó rọ́ ọ tán, a ti ń bi í pé, "Ta lo rí?" Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí ó ti ba àárín ìyá àti ọmọ jẹ́ nínú ilé tí a mọ̀, ní Ògìdì wa níbí.

Ọ̀kan nínú wa, ìyàwó ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ híhun, ń lá àlá kan náà léraléra. Ìyá ọkọ rẹ̀ a gbé iyán wá, a ní kí ó jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, abọ́ mìíràn a tún dé. Yóò jí, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún wa, kí a má parọ́, àwa gan-an ni a sọ fún un pé oúnjẹ ojú àlá kì í ṣe oúnjẹ ire. Ẹnì kan ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ní kí ó má fọwọ́ kan oúnjẹ ìyá náà mọ́, ó sì gbọ́. Odindi oṣù mẹ́rin ni ìyá àgbà fi ń dá jẹun ní yàrá rẹ̀, láìmọ ohun tí ó ṣe.

Màmá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló wá bi í ní ọjọ́ kan pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ ṣe nínú àlá náà?"

Ó ní, "Mo jẹ ẹ́ ni, Mà. Mo ti yó, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé rárá."

Gbogbo wa dákẹ́. Àwa tí a mọ ilé rẹ̀ mọ̀ pé owó ilé-ìwé àbúrò ọkọ, òun ni. Aṣọ ẹbí, òun ni. Bí owó ẹgbẹ́ kò bá pé, òun ni yóò fi tirẹ̀ dí i. A kò tíì gbọ́ kí ó kọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá ọkọ wulẹ̀ gbé abọ́ lọ́wọ́ lójú àlá ni. Ọwọ́ tí obìnrin yìí fi ń mú ìṣòro rẹ̀ ni àlá náà ń fi hàn án.

Èrò tiwa ni pé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àlá wa rí. Ẹlòmíràn ń sá, kò sì bojú wẹ̀yìn rí láti wo ohun tí ó ń lé e. Ẹlòmíràn ru ẹrù gun òkè, àwọn ènìyàn jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, kò ké sí ẹnì kankan pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lójú ayé yóò rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe. Àwa tí a ń hun aṣọ mọ̀ pé bí òwú bá já, ibi tí ó ti já ni a ń wá, a kì í dojú kọ ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Kì í ṣe gbogbo àlá ló ní ìtumọ̀ ṣá o. Ibà máa ń mú àlá burúkú wá. Oògùn náà ń ṣe é: mefloquine tí a fi ń dènà ibà ẹ̀fọn wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ tí kò gbé, ohùn tí kò jáde, àwọn náà ní ìdí nínú ara. Ní ọdún 1953, Aserinsky àti Kleitman ní Chicago kọ̀wé nípa irú oorun kan tí ojú máa ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú, inú rẹ̀ sì ni a ti ń lá èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlá tí a ń rántí dáadáa. Lásìkò náà, ara a rọ pátápátá, kí a má baà dìde máa ṣe ohun tí a ń lá. Bí ọpọlọ bá jí ṣáájú ara, a ó la ojú, a kò ní lè mira. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan lórí àyà wa.

Ẹnì kan yóò ní, ṣé a kò gbà pé Ọlọ́run ń fi àlá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni? A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlá Fáráò. Jósẹ́fù kò wádìí ẹni tí ó rán àwọn màlúù rírù náà. Ó ní kí wọ́n kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko pamọ́ fún ọdún méje.

Nítòsí wa náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali, tí ó ń tọ́jú ilé ìsìn St Saviour's ti Anglican, lá àlá pé ìjọ pín sí méjì: apá kékeré wà nínú ìmọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń gbàdúrà, apá ńlá wà nínú òkùnkùn. Ó rọ́ ọ fún J. B. Shadare. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ka sí àwọn tí ó wà ní apá òkùnkùn. Àdúrà ni wọ́n kó ara wọn jọ fún, ìyẹn ló bí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tí ó wà nínú ìtàn bí ìjọ Aládùúrà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan wà ní Chicago, Rosalind Cartwright, tí ó kú ní ọdún 2021. Ó ṣe ìwádìí àlá àwọn tí ìgbéyàwó wọn ń tú ká, tí ìbànújẹ́ sì ti wọ̀ lára. Ó rí i pé àwọn tí ó ń lá àlá nípa ọkọ tàbí aya tí wọ́n ń pàdánù, tí ìbínú àti ẹkún sì wà nínú àlá náà, ni ara wọn tètè ń yá lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn tí àlá wọn kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá ni ó pẹ́ fún. Èyí yà wá lẹ́nu, nítorí ẹni tí ó bá ń lá àlá ẹlẹ́kún ni àwa máa ń káàánú jù.

Ní ọdún 2001 ẹ̀wẹ̀, Barry Krakow àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní New Mexico gbé ìwádìí jáde nípa obìnrin 168 tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀, tí àlá burúkú kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n kọ́ àwọn kan nínú wọn pé kí wọ́n mú àlá kan, kí wọ́n yí i padà bí ó bá ṣe wù wọ́n, kí wọ́n sì máa ro títun yìí lọ́kàn lójoojúmọ́ ní ojúmọmọ. Àlá burúkú wọn dín kù, oorun wọn sì dára sí i. Kò sí ẹni tí a ní kí wọ́n bá jà. Àwọn àgbà wa náà kúkú ti ní àlá kì í bani lẹ́rù ká má lè rọ́ ọ.

A sọ èyí fún arábìnrin wa. Ó kọ́kọ́ rò pé a ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìdí òfì, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó ti sọ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ pé ìdajì owó ni òun ní. Ilé kò wó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àlá náà tún dé. Ó ní òun ti abọ́ iyán náà padà, òun sì ní, "Ẹ ṣé, Mà, mo ti yó." A bi í pé kí ni ìyá náà wí. Ó ní kò wí nǹkan kan, ó kàn jókòó, ó ń jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ti ojú ayé ló le jù. Ó ti kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ nítorí oṣù mẹ́rin yẹn. Ìyá ní òun ti gbọ́, kò tíì gbé oúnjẹ fún un láti ìgbà náà. Àwa tí a gbà á níyànjú tó mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Àwa méjì péré ni a tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá láti tọrọ àforíjì.