Ẹ̀jẹ̀ Ìyá, Oúnjẹ Bàbá: Kí Ni Ó Ń Sọ Ọkùnrin Di Bàbá ní Kumasi?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ẹni pé ọmọdé pàápàá lè dáhùn rẹ̀: ta ni bàbá? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Yorùbá, ìdáhùn náà kò gba àròjinlẹ̀. Bàbá ni ẹni tí ó bí ọmọ, tí ọmọ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ọmọ ń gbé agbo ilé rẹ̀, tí a ó sì pín ogún rẹ̀ fún ọmọ lọ́jọ́ tí ó bá papò dà. Oúnjẹ kò sí nínú ìdáhùn yìí. Èèyàn a máa ka oúnjẹ sí ojúṣe tí ó tẹ̀lé ipò bàbá. Kì í kà á sí ohun tí ó dá ipò náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìbéèrè kan náà lọ sí Kumasi, olú-ìlú àwọn Àṣàńtì ní orílẹ̀-èdè Gánà, ìdáhùn Yorùbá kò ní rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìdílé àti ogún, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ohun tí ó kù sí bàbá lọ́wọ́ kò pọ̀, oúnjẹ sì ni èyí tí ó hàn jù lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí Kumasi fi jẹ́ ibi tí ó dára láti gbé ipò bàbá yẹ̀ wò.

Láàárín àwọn Àṣàńtì, bí ó ti rí láàárín ọ̀pọ̀ nínú àwọn Akan, ìdílé ìyá ni ọmọ ń bá lọ. Abusua ni wọ́n ń pe ìdílé yìí. Wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní mogya, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń gbà á. Ohun tí bàbá ń fún ọmọ jẹ mọ́ ẹ̀mí àti ìwà; ntoro ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bàbá náà ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ti ogún, ọmọ arábìnrin ọkùnrin ni àṣà là á sílẹ̀ pé kí ó jogún rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Òwe wọn kan sọ pé bí ìyá ẹni bá kú, ẹbí ẹni ti parí. Kò sí bàbá nínú òwe náà.

Níbo wá ni bàbá wà? Meyer Fortes, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ṣe ìwádìí láàárín àwọn Àṣàńtì ní 1945 sí 1946. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò gbé ilé ọkọ. Ilé ìyá wọn ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dáná. Nítorí náà, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, àwọn ọmọdé a máa sáré gba gbogbo ọ̀nà ìlú kọjá pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ, láti ilé ìyá wọn lọ sí ilé bàbá wọn. Kò sí ohun tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ju èyí lọ. Ọmọ ń sùn sí ilé ìyá, abusua ìyá ni ó ni ín, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ó mọ ọ̀nà kan tí kò gbọdọ̀ ṣì. Ọ̀nà ilé bàbá, oúnjẹ ni ó là á.

Ìgboro Kumasi òde òní kò rí bí ó ti rí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni ó ń gbé pọ̀, owó sì ti gba ipò iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí bàbá ń kó ti oko bọ̀. Síbẹ̀, ìlànà náà kò parẹ́. Ọkọ níláti fi owó oúnjẹ lélẹ̀, lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ìyàwó tó lọ sí ọjà. Owó yìí ni a fi ń ra ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a ó sè, tí a ó sì gún nínú odó di fufuo. Fufuo yìí kì í ṣe fùfú tí Yorùbá mọ̀, èyí tí a fi ẹ̀gẹ́ rírẹ ṣe; iyán ni ó sún mọ́. Owó náà ni a fi ń ra ẹyìn tí a fi ń se ọbẹ̀, ewé kókò, ata, tòmátì àti ẹja gbígbẹ.

Gracia Clark, ẹni tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin oníṣòwò ní ọjà ńlá Kumasi, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1994, ṣàlàyé pé owó oúnjẹ àti oúnjẹ sísè wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ pé ìgbéyàwó ṣì wà. Ọkọ tí kò mú owó oúnjẹ wá mọ́ ti ń fi ẹsẹ̀ kan jáde, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu. Ìyàwó tí kò dáná fún ọkọ mọ́ náà ti sọ tirẹ̀. Àkọlé ìwé náà, bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ni “Àlùbọ́sà Ni Ọkọ Mi”. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí ọjà rẹ̀ ń bọ́ ọ, bí ó ti yẹ kí ọkọ bọ́ ọ, ni.

Ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà yìí kò ṣeé fi ojú fò. Owó oúnjẹ kì í sábà tó. Ọjà a gbówó lórí ju ti àná lọ, owó tí ọkọ ń mú wá kò sì ní yí padà. Ìyàwó yóò ti ọwọ́ bọ àpò òwò tirẹ̀, yóò fi kún un, yóò sì dákẹ́. Lálẹ́, a ó gbé abọ́ síwájú bàbá pẹ̀lú ẹran tí ó tóbi jù, òun ni àwọn ọmọ yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ọkọ a mú iṣu tàbí àgbàdo ti oko wá, ìyàwó a sì wá ọ̀pọ̀ nínú èròjà ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, oúnjẹ bàbá ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé bíbọ́ ọmọ nìkan ni ó ń sọ èèyàn di bàbá, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìyá ti di bàbá, tí ọ̀pọ̀ bàbá kò sì tó ìdajì bàbá.

Ìṣòro náà a tún máa pọ̀ sí i bí ilé bá ṣe ń kún. Ká ní ọkùnrin kan ní Asawase tàbí ní Bantama ń fi iye owó kan lélẹ̀ nígbà tí ó ní ọmọ kan. Ọmọ di méjì, ó di mẹ́rin. Owó náà lé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé tó bí ẹnu ti lé. Yorùbá a máa ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí a ó ṣe pín òṣì ọ̀hún. Ohun tí ó bá dín kù, abọ́ ta ni yóò ti dín? Bí bàbá bá ń jẹ iye ẹran tí ó ń jẹ nígbà tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, inú abọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan yóò ti máa jẹun. Kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀sùn olè kan bàbá bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó ń jẹ kò lé. Síbẹ̀, ìpín rẹ̀ ti lé, nítorí ti àwọn yòókù ti dín. Àwíjàre kan wà, pé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ agbára níláti jẹun kí ó tó lè wá owó ọ̀la. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú náà ń ṣiṣẹ́, ọmọ tí egungun rẹ̀ ń gùn náà sì ní ohun tí ara rẹ̀ ń bèèrè. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Yorùbá kan lè sọ pé ìṣòro àwọn Àṣàńtì ni gbogbo èyí, pé ní ilé Yorùbá, orúkọ àti agbo ilé ti gbé bàbá ró, yálà oúnjẹ tó tàbí kò tó. Ìtàn àwọn Yorùbá tí ó gbé Gánà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti wá ṣòwò ní Kumasi àti káàkiri Gánà, ní ayé òyìnbó amúnisìn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọdọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kó ẹrù wálé ni ó jẹ́ pé Gánà ni a bí wọn sí. Bàbá tí ó bá délé rí agbo ilé bàbá tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà, ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ ẹbí ṣì wà. Ìsọ̀ tí ó fi ń bọ́ ilé ni ó kù sẹ́yìn. Agbo ilé lè fún un ní yàrá. Kò lè máa fún un ní owó ọbẹ̀ títí. Ọmọ tí ó jí ní òwúrọ̀ kò sì bèèrè agbo ilé ta ni òun wà. Ohun tí yóò jẹ ni ó bèèrè. Oúnjẹ ti wà nínú ìdáhùn Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ilé àti orúkọ ni ó fara pamọ́ sí.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ó kan àwọn ará Gánà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ará Gánà sì padà sílé. Ọ̀dá ni wọ́n bá nílé, iná sì ń jó igbó àti oko. Ebi mú débi pé eegun ọrùn àwọn èèyàn yọ síta, wọ́n sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀gbà ọrùn tí Rawlings, olórí ìjọba ìgbà náà, fún àwọn ni. Kí ni a ó wí nípa bàbá kan ní Kumasi lọ́dún yẹn, tí kò rí owó oúnjẹ fi lélẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta? Bí oúnjẹ ni ó ń sọ ọkùnrin di bàbá, ọ̀dá ti gba ipò bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkàn èèyàn kò gbà bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ kí ó má gbà. Yorùbá ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Wọn kò sọ pé bí ebi bá wọlé, bàbá jáde.

Bóyá inú ìbéèrè ọmọ ni ìdáhùn wà. Kí ni a ó jẹ lónìí? Kì í ṣe gbogbo àgbà ni ọmọ lè bi bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bi àlejò, a ó ní kò ní ìtìjú. Bí ó bá bi ará àdúgbò, ìyá rẹ̀ yóò bá a wí nígbà tí ó bá délé. Bàbá ni ẹni tí ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti bi, tí kò sì ní sá fún ìbéèrè náà. Bí ó bá ní, yóò mú un wá. Bí kò bá ní, yóò sọ pé òun kò ní, yóò sì jókòó sínú àìní náà pẹ̀lú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àpò ìyàwó ni ìdáhùn ti wá, kò ní gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òótọ́ ni pé wɔfa, arákùnrin ìyá, wà lára àwọn tí ọmọ Àṣàńtì lè bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wɔfa àti ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ní kí ó dáhùn. Bàbá ń dáhùn láìsí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà, nígbà náà, láàárín bàbá tí kò ní àti bàbá tí kò bìkítà, bí abọ́ àwọn méjèèjì tilẹ̀ ṣófo bákan náà.

Kwasi Wiredu, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a bí ní Kumasi ní 1931, tí ó sì kú ní 2022, kọ́ni pé lójú àwọn Akan, jíjẹ́ ènìyàn ní kíkún kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíbí lásán. Ó ní ìpele, èèyàn a sì máa gòkè nínú rẹ̀ bí ó bá ti ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Kwame Gyekye, ọmọ Gánà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹnu mọ́ ọn pé iyì wà lára ènìyàn kí àwùjọ tó fún un ní ipòkípò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wúlò níbí. Bàbá tí ebi ń pa kò pàdánù iyì rẹ̀ bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ipò bàbá, èèyàn níláti máa ṣe é lójoojúmọ́ ni. Ẹni tí ó ṣe é lánàá kò tíì ṣe tòní.

Òfin ti gbìyànjú láti ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Òfin ogún ti 1985 ní Gánà fún ìyàwó àti ọmọ ẹni tí ó kú láìṣe ìwé ìhágún ní ilé àti ohun èlò inú ilé. Nínú ohun tí ó bá ṣẹ́kù, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìndínlógún jẹ́ ti àwọn ọmọ. Òfin ọmọdé ti 1998 sì là á sílẹ̀ pé òbí níláti pèsè ohun tí ó ṣe kókó fún ìlera, ìwàláàyè, ẹ̀kọ́ àti ibùgbé ọmọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ebi ọmọ kò lè dúró de ìwà bàbá. Ṣùgbọ́n owó ni ilé ẹjọ́ lè gbà lọ́wọ́ ọkùnrin. Kò lè pàṣẹ pé kí ó ṣẹ́ ẹran kù.

Ó ku ewu kan tí ó wà lára bàbá tí ó ń pèsè gan-an: kí ó sọ oúnjẹ di okùn tí yóò fi so ọmọ mọ́lẹ̀, kí ó máa ní, “Èmi ni mo bọ́ ọ, nítorí náà ohun tí mo bá wí ni ìwọ yóò ṣe.” Bàbá Àṣàńtì kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè fún irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ tí ó ń bọ́, ti abusua ẹlòmíràn ni. Oúnjẹ tí ó ń fún un kò ra ọmọ náà. Síbẹ̀, àṣà fi ẹrù kan sílẹ̀ fún ọmọ: nígbà tí bàbá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń ra pósí tí a ó fi sin ín. Abusua bàbá ni yóò darí ìsìnkú, ṣùgbọ́n pósí ti ọwọ́ àwọn ọmọ wá. Yorùbá a máa sọ pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Kumasi, ọmọ ni ó ń ru ìkòkò bàbá lọ síwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà. Bí bàbá bá sì ti ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un nínú abọ́, kò ní ṣòro fún un láti mọ irú igi tí yóò rà.